Ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àwọn àrùn ẹ̀dọ̀fóró mìíràn fún ẹni tó ń gbé pẹ̀lú HIV: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe láti ọjọ́ tí ikọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀

Bí ẹ bá ń gbé pẹ̀lú HIV, ẹ má ka ọjọ́ mọ́ ikọ́ lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ fún gbogbo aráyé ni pé bí ikọ́ bá ti pé ọ̀sẹ̀ 2 tí kò lọ, kí onítọ̀hún lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, àrùn tí àwọn mìíràn mọ̀ sí ikọ́ ife tàbí TB. Ẹni tí kò ní HIV lára ni wọ́n ń bá wí. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ya tiyín sọ́tọ̀: ikọ́ èyíkéyìí, ì báà jẹ́ àná ló bẹ̀rẹ̀, tó ohun tí ẹ ó tìtorí rẹ̀ lọ sí kílíníìkì. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ wà, ó sì ń wo ẹni tó ní HIV sàn. Ohun tó sábà máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni ọjọ́ tó ti kọjá lọ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń lọ gan-an ni mo ṣe tò ó síbí, láti orí ikọ́ àkọ́kọ́ títí dé ìgbà tí oògùn bá parí. Ẹ kà á kí àìsàn tó dé. Ẹni tí kò lè mí délẹ̀ kì í ráyè kàwé.

Ìdí tó fi jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń kọ́kọ́ jìyà

Afẹ́fẹ́ ni kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá rìn. Bí ẹni tó ní in nínú ẹ̀dọ̀fóró bá wúkọ́, tó sín, tó kọrin, tàbí tó kàn ń sọ̀rọ̀, kòkòrò náà á bọ́ sínú afẹ́fẹ́, ẹni tó wà nítòsí á sì mí in sínú. Kì í gba orí abọ́, ṣíbí, aṣọ tàbí ìbọwọ́ ran èèyàn. Robert Koch, dókítà ará Jámánì, ló fi kòkòrò náà han ayé ní 1882. WHO ṣírò pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin láyé ni kòkòrò yìí ti wọ̀ lára rí. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò ní ṣàìsàn láéláé, torí ara wọn ti ká kòkòrò náà mọ́ ibì kan, ó kàn ń sùn síbẹ̀ ni.

Nínú 100 ẹni tí kòkòrò náà ń sùn sí lára tí wọn kò ní HIV, 5 sí 10 ni yóò ṣàìsàn ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Tí wọ́n bá ní HIV tí wọn kò sì lo oògùn rẹ̀, nǹkan bí 10 nínú 100 ni yóò máa ṣàìsàn lọ́dọọdún. Sẹ́ẹ̀lì CD4 wà lára àwọn tó ń ká kòkòrò náà mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an sì ni HIV ń pa. Abájọ tó fi jẹ́ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń pa àwọn tó ní HIV jù lọ láyé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá lọ́jú pọ̀ nìyí. Ìjà tí ara ń bá kòkòrò jà ló ń fa púpọ̀ nínú ohun tí a fi ń dá ikọ́ ẹ̀gbẹ mọ̀, títí kan ihò tó máa ń hàn nínú X-ray. Bí agbára ìjà bá ti lọ, ara kì í pariwo mọ́. Ẹni tí CD4 rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an lè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ kí X-ray rẹ̀ mọ́ tónítóní, kí wọ́n fi awò wo kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n má rí kòkòrò kankan, kí ikọ́ gan-an má sì tó nǹkan. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àrùn náà á fi ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀, á lọ sí kókó ọrùn, inú ikùn, eegun ẹ̀yìn tàbí awọ tó bo ọpọlọ. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé “ikọ́ rẹ kò jọ ti ẹ̀gbẹ,” ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin

Ǹjẹ́ mò ń wúkọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́? Ǹjẹ́ ara mi ń gbóná? Ǹjẹ́ mo máa ń làágùn lóru débi tí aṣọ ìsùn fi ń tutù? Ǹjẹ́ mò ń rù?

Bí ìdáhùn sí ẹyọ kan ṣoṣo bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó ti tó. Kò dìgbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì bi yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ gba oògùn HIV. Tí kò bá bi yín, ẹ sọ ọ́ fúnra yín, torí èrò máa ń pọ̀, wọ́n sì lè gbàgbé. Rírù ni àwọn èèyàn kì í tètè mọ̀. Bí ẹ kò bá ní ìwọ̀n nílé, ẹ wo ihò ìgbànú tí ẹ ń lò, tàbí bóyá òrùka ti ń yọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ti ọmọdé yàtọ̀ díẹ̀. Ọmọ tó ní HIV lè má rù, kó kàn jẹ́ pé kò sanra sí i bó ṣe yẹ. Ẹ fi ikọ́ àti ara gbígbóná kún un, kí ẹ sì bèèrè bóyá ẹnì kan wà nílé tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Èyíkéyìí nínú wọn tó ìdí láti gbé ọmọ lọ.

Ohun tí kò yẹ ní ṣíṣe ni kí ẹ lọ ra oògùn ikọ́ olómi, kí ẹ lo oògùn ibà lé e, kí ẹ wá máa retí. Ìfi-ẹ̀tẹ̀-sílẹ̀-pa-làpálàpá nìyẹn. Ẹ tún ṣọ́ra fún ciprofloxacin àti levofloxacin tí àwọn kan ń dá rà ní ilé oògùn. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè tẹ kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ lórí ba fún ìgbà díẹ̀. Ara á fúyẹ́, àyẹ̀wò á ní kò sí nǹkan kan, àrùn náà á sì tún padà wá.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ èyí tí kò ṣeé dúró dọ̀la

Ikọ́ kan wà tí ẹ lè tìtorí rẹ̀ lọ sí kílíníìkì láàárọ̀ ọ̀la. Òmíràn wà tó jẹ́ pé lóru yìí náà ni. Ohun tí WHO fi ń dá ẹni tó ní HIV tí àìsàn ti wọ̀ lára mọ̀ kò ju mẹ́rin lọ: kó máa mí tó ìgbà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, kí ara rẹ̀ gbóná dé 39°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọkàn rẹ̀ máa lù tó ìgbà 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, tàbí kó má lè rìn láìjẹ́ pé ẹnì kan dì í mú. Àgbàlagbà ni òǹkà wọ̀nyí wà fún. Ọmọdé máa ń mí yára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ lè ka èémí nílé. Ẹ jẹ́ kí aláìsàn jókòó, kó sinmi fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ má sọ fún un pé ẹ fẹ́ ka èémí rẹ̀, torí ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń wo òun kì í mí bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ ṣe bí ẹni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú láti wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù, kí ojú yín sì wà ní àyà tàbí ikùn rẹ̀. Kí àyà gbé sókè kó sì tún wálẹ̀, ẹyọ kan nìyẹn. Ẹ fi aago fóònù kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ má ka ààbọ̀ ìṣẹ́jú kí ẹ wá sọ ọ́ di méjì, torí èémí aláìsàn kì í rìn déédéé.

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wọn ọ́síjìn, tí òǹkà rẹ̀ kò sì tó 90, ẹ gbé e lọ. Ètè tó ń dúdú, ọ̀rọ̀ tí kò bọ́gbọ́n mu mọ́, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lẹ́nu bó ṣe ń wúkọ́, tàbí orí fífọ́ burúkú tí ọrùn sì le gan-an, wọn kò gba àròyé.

Ìgbésẹ̀ 3: Àyẹ̀wò, àti bí ẹ ṣe máa gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó dáa sílẹ̀

Àyẹ̀wò tí ẹ máa bèèrè fún lórúkọ ni GeneXpert tàbí irú rẹ̀ mìíràn tó ń wá àpilẹ̀ àbùdá kòkòrò náà. Kò tó wákàtí 2 tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán. Á sọ bóyá kòkòrò wà níbẹ̀, á sì sọ bóyá rifampicin, tó jẹ́ olórí oògùn, lè ràn án. Awò lásán kò lè sọ èyí, ọ̀pọ̀ ikọ́ ẹ̀gbẹ ẹni tó ní HIV ló sì máa ń fò ó.

Ẹ̀rọ ò lè rí ohun tí kò sí nínú ike. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń tu itọ́ síbẹ̀, tí láàbù á wá kọ ọ́ pé kò sí kòkòrò. Ẹ ṣe é báyìí. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àárọ̀ kùtù, kí ẹ tó jẹun, ló dára jù. Ẹ fi omi lásán yọ ẹnu, ẹ má lo ọṣẹ ìfọyín. Ẹ bọ́ síta gbangba, tàbí ẹ dúró ti fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì wà níwájú yín. Ẹ mí wọlé kanlẹ̀, ẹ dá èémí dúró díẹ̀, ẹ mí jáde pẹ̀lẹ́. Ẹ tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ fa èémí wọlé dáadáa, kí ẹ wá wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà, bí ẹni pé ikùn ni ikọ́ náà ti ń bọ̀. Èyí tó bá ki, tó sì ń fà, ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Èyí tó bá mọ́ gaara tó ń hó, itọ́ ni, ẹ tún un wú. Kó tó nǹkan bíi ṣíbí kékeré kan. Ẹ dé ike náà pinpin, ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ sì gbé e dé láàbù lọ́jọ́ náà láì jẹ́ kí oòrùn pa á.

Ẹni tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò jáde lára rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n lè fún un ní èéfín omi oníyọ̀ fà símú kó lè wúkọ́. Fún ọmọdé, ìgbẹ́ rẹ̀ náà ṣeé kó sínú ẹ̀rọ yẹn.

Àyẹ̀wò kan tún wà tí àwọn èèyàn kò mọ̀ dáadáa, ó sì wù mí kí wọ́n mọ̀ ọ́n: LAM, tí wọ́n ń fi ìtọ̀ ṣe. Ìtọ̀ tó kán sórí bébà kékeré á fèsì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, kò sì nílò iná mànàmáná. Ẹni tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn tí CD4 rẹ̀ (iye sẹ́ẹ̀lì náà nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ bíńtín) kò tó 200, ẹni tí àìsàn ti wọ̀ lára gan-an, tàbí ẹni tí ìbéèrè mẹ́rin yẹn bá bá wí, ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Bí ara bá ṣe rẹlẹ̀ tó ni àyẹ̀wò yìí ṣe ń rí kòkòrò náà tó, ìyẹn ló fi wúlò níbi tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti kùnà. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é mọ́ GeneXpert. Kò lè dá dúró.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ní “kò sí” tí ara yín kò sì yé burú sí i, ẹ má gba ilé lọ. Ẹ béèrè ohun tó kàn. Ìlànà ìtọ́jú gba dókítà láyè láti bẹ̀rẹ̀ oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ fún ẹni tí àmì ara rẹ̀ àti X-ray rẹ̀ bá tọ́ka sí i, kódà bí láàbù kò tíì rí kòkòrò. Nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó ní HIV, oníṣègùn tó bá ń dúró de ìwé láàbù títí aláìsàn fi dákú kò ṣọ́ra, ó ń fi àkókò ṣòfò.

Ìgbésẹ̀ 4: Bí kì í bá ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ, kí ló lè jẹ́?

Ìbéèrè tí dókítà máa kọ́kọ́ bi yín ni “ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?” Ẹ fún un ní èsì tó ṣe pàtó, torí ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti ń yà síra. Ikọ́ ẹ̀gbẹ sábà máa ń yọ́ wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òtútù àyà tí bakitéríà fà máa ń dé lójijì: lánàá ara le, lónìí ibà ń gbọ̀n yín, àyà ń gún yín bí ẹ bá mí sínú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín sì lè ní àwọ̀ ìpẹtà. Òtútù àyà yìí kì í wo bí CD4 ṣe pọ̀ tó kó tó mú èèyàn, kódà ẹni tí oògùn HIV rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa lè ní in. Oògùn apa-bakitéríà ló ń wò ó, kò sì yẹ kó pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá tí nǹkan kan kò yí padà, ẹ padà lọ.

Èkẹta ni Pneumocystis, tí àwọn dókítà ń pè ní PCP. Òun ni mo fẹ́ kí ẹ dúró tì díẹ̀. Fúngọ́ọ̀sì kan ló ń fà á, àwọn tí CD4 wọn kò tó 200 ló sì sábà ń mú. Òun ló kọ́kọ́ tú àṣírí àrùn éèdì fún ayé: ní June 5, 1981, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí kíkápá àrùn, CDC, gbé ìròyìn ọkùnrin márùn-ún jáde ní Los Angeles tí PCP mú, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ́ ni wọ́n, ara wọn sì ti le tẹ́lẹ̀.

Ikọ́ rẹ̀ gbẹ, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Èémí ló ń bá jà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni náà gun àtẹ̀gùn láìsí wàhálà. Lọ́sẹ̀ yìí ó dúró sinmi láàárín. Bó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àtilọ sí balùwẹ̀ á mú kó máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bí ó bá jókòó, ọ́síjìn rẹ̀ lè dà bí ẹni tó dáa, ṣùgbọ́n bó bá rìn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, òǹkà á já wálẹ̀. Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ sọ ọ́ fún dókítà bó ṣe rí gẹ́lẹ́, pé “bí mo bá rìn ni.” Cotrimoxazole, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Septrin, ni wọ́n fi ń wò ó fún ọjọ́ 21, ní ìwọ̀n tó ga ju èyí tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ lọ fíìfíì. Nítorí náà ẹ má fi tilé dánra wò. Bí ọ́síjìn bá ti lọ sílẹ̀ gan-an, wọ́n á fi prednisone, oògùn tó ń mú wíwú inú ara rọlẹ̀, sí i.

Àwọn tó kù kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Cryptococcus, fúngọ́ọ̀sì mìíràn, lè bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró kó tó wọ ọpọlọ, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ wá a fún ẹni tí CD4 rẹ̀ kò tó 100. Jẹjẹrẹ Kaposi náà lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ yẹ ara àti àjà ẹnu wò bóyá àbààwọ́n aláwọ̀ àlùkò wà níbẹ̀. Ẹ má sì yọ òtútù lásán àti COVID-19 kúrò. Àrùn méjì lè wà lára ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá ti rí òtútù àyà, ìyẹn kò ní kí ẹ fagi lé àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Ìgbésẹ̀ 5: Bí ó bá jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, oògùn méjì ẹ̀yà ni ẹ ó máa lò

Ikọ́ ẹ̀gbẹ tó gbọ́ oògùn máa ń gba oṣù 6. Rifampicin, isoniazid, pyrazinamide àti ethambutol ni wọ́n ń lò pọ̀ fún oṣù 2 àkọ́kọ́. Méjì àkọ́kọ́ yẹn á wá máa lọ fún oṣù 4 sí i. Wọ́n sábà máa ń pa wọ́n pọ̀ sínú hóró kan náà, bí ẹ bá sì ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń ka iye hóró fún yín. Ojoojúmọ́ ni. Ara á ti fúyẹ́ kí oṣù 2 tó pé, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ ti ń jáwọ́. Kòkòrò tó kù kò tíì kú. Bí ẹ bá dá oògùn dúró, èyí tó máa dìde lè jẹ́ èyí tí oògùn kò ràn mọ́.

Bí ẹ kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV, ti ikọ́ ẹ̀gbẹ ló máa ṣíwájú, ti HIV á sì tẹ̀ lé e láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ parí oṣù 6 ná. Ibi tí wọ́n ti ń fà sẹ́yìn ni ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ awọ ọpọlọ, níbi tí wọ́n ti máa ń dúró fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 8.

Bí ẹ bá ti ń lo oògùn HIV tẹ́lẹ̀, ẹ mú ike oògùn náà dání lọ, kí ẹ fi hàn wọ́n. Rifampicin máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ àwọn oògùn mìíràn dànù. Dolutegravir, tó jẹ́ oògùn HIV, wà lára wọn. Ẹni tó ń lo 50 mg lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ gbọ́dọ̀ máa lò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí wákàtí 12 wà láàárín, títí di ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn tí rifampicin bá parí. Bí ilé oògùn kò bá fún yín ní èyí tó ṣèkejì, ẹ béèrè. Ẹ béèrè kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Atazanavir àti darunavir, tí àwọn náà jẹ́ oògùn HIV, kò bá rifampicin ṣe rárá, wọ́n á pààrọ̀ ọ̀kan nínú wọn. Obìnrin tó ń lo hóró tàbí ọ̀pá abẹ́ awọ fún ìfètòsọ́mọbíbí náà ní láti sọ ọ́, torí rifampicin máa ń dín agbára wọn kù.

Ìtọ̀, òógùn àti omijé yín á pupa bí ọsàn. Kò léwu, rifampicin ló ń fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ba awò ojú tí wọ́n ń fi sínú ẹyinjú jẹ́. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ń ta yín bí abẹ́rẹ́ tàbí tó ń kú tipiri, isoniazid ni. Ó yẹ kí wọ́n ti fún yín ní vitamin B6 láti ìbẹ̀rẹ̀ kó má bàa ṣẹlẹ̀. Àwọn mẹ́ta kan wà tí kò gba sùúrù. Bí ẹyinjú bá di pupa rúsúrúsú, tí èébì kò sì dá, ẹ̀dọ̀ ló ń pariwo yẹn, ẹ má gbé oògùn mìíràn mì kí ẹ tó rí dókítà lọ́jọ́ náà. Bí ojú bá ń ṣókùnkùn tàbí tí pupa àti àwọ̀ ewé kò yàtọ̀ lójú yín mọ́, ethambutol ni, ẹ lọ lọ́jọ́ náà. Bí ara bá sú tó ń lé roro, tí ẹnu sì ń bó, ilé ìwòsàn ni.

Ohun kan wà tó ń dẹ́rù ba èèyàn tí kò sì yẹ kó lé wọn kúrò lórí oògùn. Láàárín oṣù 3 àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí oògùn HIV bá bẹ̀rẹ̀, ibà lè padà, kókó ọrùn lè wú sí i, ikọ́ tó ti ń lọ lè tún dé. Agbára ara tó ti sùn ló jí, tó sì rí kòkòrò tó ti wà nílẹ̀ tó wá gbé ìjà kò ó. IRIS ni àwọn dókítà ń pè é. Ẹ má dá èyíkéyìí nínú oògùn méjèèjì dúró fúnra yín. Ẹ lọ rí wọn, kí wọ́n rí i dájú pé kì í ṣe pé oògùn kùnà tàbí pé àrùn mìíràn ti wọlé. Prednisone sábà máa ń mú un rọlẹ̀.

Bí GeneXpert bá sọ pé rifampicin kò ran kòkòrò náà, ẹ má sọ̀rètí nù. Láti 2022 ni WHO ti fọwọ́ sí àpapọ̀ bedaquiline, pretomanid, linezolid àti moxifloxacin fún oṣù 6, fún ọ̀pọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àìsí abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ nínú rẹ̀ gan-an ti tó ìdùnnú. Efavirenz máa ń dín agbára bedaquiline kù, nítorí náà ẹ sọ oògùn HIV yín fún wọn níbí náà.

Ìgbésẹ̀ 6: Àwọn tí ẹ jọ ń gbé

Kí gbogbo wọn lọ ṣe àyẹ̀wò, pàápàá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 àti ẹni mìíràn tó ní HIV. Ẹ ṣí fèrèsé, kí atẹ́gùn máa gba inú ilé kọjá. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ bo ẹnu bí ẹ bá ń wúkọ́, ẹ lo ìbòmú láàárín èrò, kí ẹ sì dá sùn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ bí àyè bá wà. Bí oògùn bá ràn án, bí ẹ ṣe ń ranni máa ń já wálẹ̀ kíákíá, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2. Ẹ má ya abọ́ sọ́tọ̀. Ìtìjú ló ń fi kún un, kì í dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí kò bá tíì ṣẹlẹ̀, ẹ dènà rẹ̀

Oògùn HIV tí ẹ kò já sílẹ̀ ló ṣe kókó jù. Èyí tó tẹ̀ lé e ni oògùn ìdènà ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọ̀pọ̀ ló sì ń sá fún un torí wọ́n rò pé ẹni tó ti ń lo oògùn HIV kò nílò rẹ̀ mọ́. Ìwádìí TEMPRANO tí wọ́n ṣe ní Côte d’Ivoire, tó jáde ní 2015, fi hàn pé kíkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV láìfi falẹ̀ ń dín àìsàn líle àti ikú kù, oògùn ìdènà oṣù 6 náà sì ń dín in kù lọ́tọ̀ tirẹ̀. Ẹ lè lo isoniazid lójoojúmọ́ fún oṣù 6, tàbí isoniazid pẹ̀lú rifapentine lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12. Ti ọjọ́ 28 náà wà. Bó bá jẹ́ pé èmi ni wọ́n bi, ti ọ̀sẹ̀ 12 ni màá mú: ìgbà 12 péré, ó parí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lo atazanavir tàbí irú rẹ̀, rifapentine kò bá a mu.

Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè mẹ́rin yẹn, kó lè dájú pé ẹ kò tíì ní ikọ́ ẹ̀gbẹ gan-an, torí oògùn ìdènà kò tó wò ó. Ẹni tí àrùn ẹ̀dọ̀ ń bá jà lọ́wọ́ tàbí tó ń mu ọtí gan-an ní láti sọ ọ́.

Cotrimoxazole ojoojúmọ́ wà fún ẹni tí CD4 rẹ̀ kò ju 350 lọ àti gbogbo ẹni tó ní HIV pẹ̀lú ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ó ń dènà PCP, ó sì ń dènà àwọn òtútù àyà kan. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pneumococcus, bakitéríà kan tó ń fa òtútù àyà, àti ti ọ̀fìnkìn, ti COVID-19 náà bí ó bá wà. Ẹ jáwọ́ nínú sìgá. Ọmọ ìkókó tó ní HIV kò ní gba abẹ́rẹ́ BCG, àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ, títí oògùn HIV yóò fi mú ara rẹ̀ dúró, dókítà ló sì máa sọ ìgbà náà.

Lẹ́yìn oṣù 6

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbé hóró rifampicin ìkẹyìn mì síbi tí ẹ ti lè rí i. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ ó ka ọ̀sẹ̀ 2 kí dolutegravir tó padà sí ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Ẹ béèrè bóyá wọ́n á fún yín ní oògùn ìdènà lẹ́yìn ìwòsàn, torí ikọ́ ẹ̀gbẹ lè mú èèyàn lẹ́ẹ̀kejì. Àpá inú ẹ̀dọ̀fóró lè mú kí ẹ máa tètè rẹ̀, kí ikọ́ kékeré sì kù. Ẹ má fi gbogbo ikọ́ tó bá dé lọ́jọ́ iwájú sí orí àpá náà. Ike mìíràn ni, ẹ lọ wú u síbẹ̀.